Èmi ni mo kọ ohun tí òjò fọ̀ kúrò lára ògiri ilé wa

Èmi ni. Kì í ṣe Daddy Mowe. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí ẹ tó ka ìyókù, torí mo mọ̀ pé àwọn kan á ka ìdajì, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, wọ́n á ní bí àwọn àbúrò bàbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n máa ń fẹ́ ta ilé ẹbí... Rárá. Ọkùnrin yẹn ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ o, mi ò ní purọ́ fún yín, tó bá yọ̀ ṣubú lójú mi báyìí mo lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí n tó na ọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní ó ṣe yìí, kò ṣe é. Èmi ni mo ṣe é. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa bẹ̀ yín, torí àwọn ọmọ àǹtí mi wà lórí page yìí, mo máa ń rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gba ẹlòmíì nímọ̀ràn bí ẹni pé wọ́n gbọ́n. Ẹni tó bá sì fẹ́ wá correct English mi nísàlẹ̀ níbí, kó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kó wá wò ó bóyá ẹnu ẹ̀ á ṣì gbà á.

Iṣẹ́ signwriter ni mò ń ṣe. Obìnrin ni mí, ẹ má bi mí bóyá mò ń gun àkàbà, mò ń gùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. JSS3 ni mo ti dúró nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi ti lọ fẹ́ ọkọ míì n'Íbàdàn kó tó dìgbà yẹn, Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi ló tọ́ mi, nínú ilé ẹbí wa n'Igbein. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìtòkú ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń ta àdìrẹ. Gbogbo ayé ló ń ṣe flex tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èèyàn ò lè lẹ flex mọ́ ògiri títí ayé, ìyẹn la fi ń rí jẹ. Ohun tí wọ́n sì ń gbé wá jù, ti ilé ni. TO LET. ROOM SELF-CONTAINED. CURTAINS AND RUGS. BEWARE OF DOGS, wọn ò tiẹ̀ ní ajá. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fa lẹ́tà kó dúró ṣánṣán, kò kọ́ mi l'English torí òun náà ò gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Daddy Mowe ni àbúrò bàbá mi. Mowe ló kọ́lé sí, Lagos ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ojoojúmọ́ ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ mọ irú àwọn èèyàn tí wọn ò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá létí wọn kí wọ́n má tún un ṣe... bó ṣe rí nìyẹn. Tí o bá pe parlour, á ní sitting room. Tí o bá ní kí wọ́n off iná, á ní switch off. Tí o bá pe cupboard kí p inú ẹ̀ jáde, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ fún ẹ nìyẹn. Ìyá Àgbà ń pe gbogbo ẹ̀ ní kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fi sílẹ̀ torí ìyá ẹ̀ ni. Èmi ló máa ń wá rí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi, tí kì í ṣe ọ̀gá mi ló rán mi, ti káfíńtà kan lọ́nà Lafẹ́nwá ni. Mo kọ ọ́ sára bóòdù, WE MAKE ALL KIND OF FURNITURES AND WARDROPE. Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà, báyìí mo mọ̀. Nígbà yẹn mi ò mọ̀. Ọkùnrin yìí gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀, ó ya fọ́tò ẹ̀. Kò pè mí kó ní ọmọ mi, wá tún èyí ṣe. Ó fi pamọ́ di ọjọ́ Iléyá. Gbogbo ẹbí jókòó, wọ́n ń jẹran, ó wá ń gbé fóònù káàkiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, ó ní ẹ wá wo ọmọ yín o, ó ní ṣé okùn ni wọ́n fi ń so aṣọ rọ̀ nínú wardrope tiẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹran fi há ẹnì kan lọ́fun. Èmi ni mò ń pín ìrẹsì. Ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ èyí tó dùn mí jù... Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ò mọ A yàtọ̀ sí igi. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀rín, ó kàn rí i tí àwọn ọmọ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ dùn, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni Daddy Mowe ti ń pè mí ní Madam Furnitures. Ó sọ fọ́tò yẹn sínú group ẹbí wa. Káfíńtà yẹn pe ẹlòmíì kó wá tún bóòdù ẹ̀ kọ.

Mo ra dictionary òkìrìkà, iwájú ẹ̀ ti ya, láti B ló bẹ̀rẹ̀. Mo ra notebook. Gbogbo ohun tó bá wà nínú ilé ni mo kọ sínú ẹ̀, mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá mẹ́wàá bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ. Mattress. Ceiling. Kitchen. Staircase. Furniture ò ní s, bó ti wù kó pọ̀ tó nínú yàrá. Accommodation, c méjì, m méjì, oníbàárà kan ló kọ ìyẹn sílẹ̀ fún mi torí A ti ya kúrò nínú tèmi. Mi ò ní tíṣà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo máa ń ṣe é, ọ̀dà ṣì wà léèékánná mi. Ẹ lọ yí Abẹ́òkúta ká lónìí, ẹ wo ohun tí mo kọ láti ọdún kan ààbọ̀, tí ẹ bá rí àṣìṣe kan ẹ wá gé ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ta ló ń wò ó? Daddy Mowe ò ya fọ́tò ìyẹn. Ìgbàkigbà tó bá ti wá kí ìyá ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti máa bẹ̀rẹ̀, Madam Furnitures, how far.

Ó wá ku ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Lágbègbè wa, àwọn èèyàn ń ta ilé ẹbí lẹ́yìn ara wọn. Ilé kẹta sí tiwa, wọ́n ti tà á, bàbá tó ń gbénú ẹ̀ ò mọ̀, ìgbà tí wọ́n wá ń yọ fèrèsé ló tó mọ̀. Ẹ̀rù ba Ìyá Àgbà. Ẹbí wá jókòó, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ilé tiwa náà, ẹ̀yin náà ti rí i káàkiri, THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Daddy Mowe ní kí wọ́n lọ ṣe flex kó bàa lè dára. Ìyá Àgbà ní kí ló dé tí wọ́n máa fi gbé iṣẹ́ fún ará ìta, ó ní ọmọ òun tó ń kọ̀wé sára ilé ayé ńkọ́. Èmi ló ń sọ o. Inú mi dùn, mi ò lè parọ́. Mo gbé cardboard, mo kọ́kọ́ dán an wò. HOME ni mo kọ síbẹ̀, THIS HOME IS NOT FOR SALE. Mo mọ HOUSE, mo ti kọ ọ́ sára ilé onílé àìmọye ìgbà. Mo kàn fẹ́ kí tiwa yàtọ̀ ni, torí mo ti ka méjèèjì nínú dictionary, mo mọ èyí tí àwa wà nínú ẹ̀. Daddy Mowe rí cardboard yẹn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ta ló ń ta home, ó ní house ni wọ́n ń tà, ó ní ẹni tó fẹ́ rà á gan-an á rẹ́rìn-ín wọlé. Ó sì tọ̀nà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù, ó máa ń tọ̀nà. Mo yí i padà sí HOUSE.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ ọ́, ọkùnrin yìí wá láti Mowe, ó ní òun fẹ́ supervise. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo wà lókè àkàbà, ó dúró sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà fún mi. Lóhùn òkè. T. H. I. S. Bí wọ́n ṣe ń pè é fún ọmọ nursery. Àwọn mẹkáníìkì òdìkejì gbé iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé ń pè é tẹ̀lé e, ó wá di orin. Ó ní S-A-L-E ni o, kì í ṣe S-E-L-L, ó ní ẹ bá mi ṣọ́ ọ o, Furnitures wà lórí àkàbà. Àǹtí mi wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín... Mo sọ̀ kalẹ̀. Gloss pupa, ọ̀dà olóróró tí omi kì í fọ̀, wà níbẹ̀, agolo odindi, mi ò tíì ṣí i. Mi ò mú un. Mo lọ síbi àpò mi, mo mú ọ̀dà àlejò.

Ẹ̀yin ò ní mọ ọ̀dà àlejò, ọ̀gá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí kì í pẹ́ lọ. Ẹfun lásán ni, tí a pò mọ́ kálà oníyẹ̀fun, pupa ni tọjọ́ yẹn, àti omi, kò sí òróró nínú ẹ̀, kò sí gọ́ọ̀mù. Ìyẹn la fi ń kọ nǹkan tí onílé bá ní kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lára ògiri òun, bíi ti wàásù tàbí ti ìpolówó ọjà. Tó bá gbẹ, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gidi. Omi kan péré, ó ti parí. Ìyẹn ni mo fi kọ ọ́ o, láti T dé E tó kẹ́yìn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mi ò tíì kọ lẹ́tà tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹ gbà mí gbọ́. Daddy Mowe ya fọ́tò ẹ̀, ó gbé e sí group, ó ní ẹ wò ó bó ṣe rí nígbà tí àgbà bá dúró tì í. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí òjò rọ̀ lé e lórí, kí gbogbo ẹbí wá rí ohun tó supervise, kí àwa náà gbé fóònù káàkiri. Ìyẹn nìkan ni. Mi ò rò ó kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ní tí a bá ti rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán, màá fi gloss tún un kọ.

Ni wọ́n bá pè mí síṣẹ́ l'Ọ̀fàdà, ògiri ibi tí wọ́n ti ń lọ ìrẹsì, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ. Ọjọ́ kejì, ẹnì kan tó ti Abẹ́òkúta bọ̀ ní òjò rọ̀ níbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, òjò gidi. Mo gbọ́. Mo jókòó, mo jẹun mi tán, mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ìgbà tí mo délé, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ara ògiri ti ṣófo, ó ku ìlà pupa pupa tó ṣàn wálẹ̀ bí ojú ẹni tó sunkún. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọ̀dà. Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n Daddy Mowe, tí wọn ò tíì gbọ́ra wọn yé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, ní òun yọ sí i láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn tó gbé báàkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù sọ́wọ́ níwájú ilé, omi pupa wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ní òun wá kí ìyá òun ni, mọ́tò òun tí ẹrẹ̀ bà jẹ́ lòun ń fọ̀, ó ní òun ti bá ògiri bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, àwọn ọkùnrin méjì wá pẹ̀lú tape, wọ́n ń wọn iwájú ilé wa, wọ́n ní ẹnì kan sọ fún àwọn pé wọ́n fẹ́ tà á, wọ́n ní àwọn ò rí ohun tí wọ́n kọ pé kì í ṣe títà. Sálúbàtà ni Ìyá Àgbà fi lé wọn. Ẹ bá mi rò ó, gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu. Wọ́n wá jókòó, Àǹtí mi yíjú sí mi lójú gbogbo wọn, ó ní ìwọ lo niṣẹ́, ṣé òjò lè fọ ohun tí o kọ? Daddy Mowe ń wò mí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i kó máa wò mí tí kò rẹ́rìn-ín. Mo ní òjò kì í fọ gloss.

Ohun tí mo sọ nìyẹn o. Òjò kì í fọ gloss. Kì í ṣe irọ́, àbí irọ́ ni? Ẹ lọ bi ẹnikẹ́ni tó ń ta ọ̀dà. Mo ti ń sọ ọ́ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn pé kì í ṣe irọ́.

Ìyá Àgbà ní ẹni tó nù ún nínú àwọn ọmọ òun, kó má tẹ ilé yìí mọ́ nígbà tí òun bá wà láyé, tí òun bá sì kú, kó má sí lára àwọn tó máa gbé òun sínú sàréè. Ìyá Àgbà kì í sọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀, tí wọ́n bá ti ibi àsáláátù dé, kí Daddy Mowe wá fi Kùránì búra lójú gbogbo ẹbí, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ògiri yẹn di ọjọ́ náà. Àǹtí mi ti ń sọ ọ́ káàkiri Ìtòkú pé tó bá búra tí nǹkan kan ò ṣe é, Ọlọ́run kàn ń lọ́ra ni. Ṣé ẹ rí i, kò sọ́nà fún un. Ó máa búra, òótọ́ ló máa búra, wọn ò ní gbà á gbọ́.

Ìyá Àgbà wá gbé àga síwájú ilé báyìí, ó fi ẹ̀yìn àga ti ògiri yẹn gan-an. Láti ìgbà tó bá ti kírun ìdájí tán ló ti máa jókòó síbẹ̀ títí di mọ̀gàrìbà. Mo ní Ìyá, oòrùn ń pa yín, ẹ wọlé. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìwé lára ògiri, òun ni ìwé. Ìyá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á di ọwọ́ mi mú, á máa wo èékánná mi, á ní ọwọ́ yìí dára, á ní Ọlọ́run á fi ẹni tó nu iṣẹ́ mi hàn. Àmín ni mo máa ń ṣe. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?

Lánàá, Daddy Mowe fi message ránṣẹ́ sí mi. Kò pè mí ní Madam Furnitures. Ó pe orúkọ mi, odindi, èyí tí bàbá mi sọ mí. Ó ní òun mọ̀ pé òun ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó ní òun bẹ̀ mí, kí n kàn dìde lọ́jọ́ Sunday kí n sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò fọ̀ ọ́, pé èmi ni mo mọ iṣẹ́ yẹn, pé ẹnu mi ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ó ní òun ní accomodation tòun ní Mowe, òun ò nílò ilé yẹn láti tà, ìyá òun lòun ń wá síbẹ̀ fún. Accomodation, m kan. Mo rí i. Mo screenshot ẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí group ẹbí kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀ nìyẹn. Mo pa á rẹ́. Mi ò tíì fèsì.

Inú ṣì ń bí mi sí i o. Ẹ má rò pé mo ti di ẹni jẹ́jẹ́. Ẹni tó tún ń bẹ̀ mí nítorí pé ó nílò ẹnu mi, ẹnu kan náà tó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá... mi ò forí jì í. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, tí wọ́n bá lé òun, ó ní ilé ní Mowe. Tí mo bá dìde pé èmi ni, èmi ni Ìyá Àgbà sọ pé kó má tẹ ibẹ̀ mọ́ yẹn. Èmi ò ní Mowe. Yàrá tí mo ti ń type èyí, òun ni gbogbo ohun tí mo ní, notebook mi wà nínú ẹ̀, àkàbà mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí mo bá sì dákẹ́, Ìyá Àgbà máa kú lọ́jọ́ kan, ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún un ò ní sí níbẹ̀, èmi ni màá dúró níbẹ̀ tí wọ́n á máa kí mi pé mo ṣe dáadáa.

Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé Sunday kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, àbí kí n lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àga ẹ̀ lónìí kí n sọ ọ́ fún òun nìkan? Àbí kí n sọ pé ó ṣeé ṣe bí ọkùnrin yẹn ṣe wí, kí n má sọ pé èmi ni, ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìwà ojo? Ẹ má wàásù fún mi, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin máa ṣe. Mo ń gbọ́ ọ níta báyìí, ó ń wọ́ àga ẹ̀ lọ síbi ògiri. Agolo gloss yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, odindi, mi ò tíì ṣí i. Ẹ bá mi dá sí i kíákíá, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé jáde lọ bá a, ọ̀dà ni àbí ọ̀rọ̀?